Ààbọ̀ Ìlà, Odidi Omi: Àyẹ̀wò Àwòrán The Little Venice láti Ọwọ́ Whistler

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òwe yìí dá lé, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ka sí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ayàwòrán náà lè fa ààbọ̀ ìlà, kí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún ojú ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú lámèyítọ́, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Lámèyítọ́ kan yóò ka iye ìlà tí ó wà lórí ìwé, yóò rí i pé wọn kò pọ̀, yóò sì dájọ́ pé ayàwòrán náà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn yóò rí àyè funfun púpọ̀, yóò pè é ní ohun ìjìnlẹ̀, yóò sì yìn ín láìtọ́ka sí ohun kan pàtó tí ó mú ìyìn náà wá. Àwọn méjèèjì ni kò wo àwòrán náà. Ẹni àkọ́kọ́ ń ka òógùn ojú oníṣẹ́. Ẹnì kejì ń ka ohun tí ó wà ní ọkàn ara rẹ̀.

Àwòrán kan ni pépà yìí gbé yẹ̀wò láti wá ọ̀nà kẹta. Orúkọ rẹ̀ ni The Little Venice. James McNeill Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó yà á ní ọdún 1880. Ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì àti ọ̀sà tí ó yí i ká ni ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pẹ́ńsù gan-an ni Whistler lò. Abẹ́rẹ́ ni ó fi fa ìlà náà sórí àwo bàbà tí wọ́n ti fi ìda bò. Síbẹ̀, ìṣesí ìlà rẹ̀ kò jìnnà sí ti pẹ́ńsù lórí tákàdá, nítorí abẹ́rẹ́ kì í bá bàbà jà bí ó bá ń họ ìda. Ó ń yọ̀ lọ ní ìrọ̀rùn bí ọwọ́ bá ti ń darí rẹ̀. Ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀ yóò bá ọ̀pọ̀ àwòrán pẹ́ńsù tí ìlà rẹ̀ kò pọ̀ mu pẹ̀lú.

Èrò tí pépà yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òfìfo inú The Little Venice kì í ṣe àìparí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe awo tí kò ní àlàyé. Ìlà díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ó sọ òfìfo náà di omi, lámèyítọ́ sì lè fi ìka tọ́ ìlà tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí kò bá ti ṣeé fi ìka tọ́, ìyìn kò tọ́ síbẹ̀.

2.0 Bí Àwòrán Náà Ṣe Wáyé

2.1 Iṣẹ́ etíkun

Ní ọdún 1834 ni wọ́n bí Whistler ní ìlú Lowell ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1854 títí di oṣù Kejì ọdún 1855, ó ṣiṣẹ́ ní Washington ní iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ya máàpù etíkun. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti ásíìdì ya àwòrán sára bàbà. Lára iṣẹ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n ya ilẹ̀ bí ó ti rí lójú ẹni tí ó wà lórí òkun, kí atukọ̀ tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè dá etíkun náà mọ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò gba àṣejù. Ibi tí òkè ti ga àti ibi tí ó ti rẹlẹ̀ ni atukọ̀ ń wá. Ẹni tí ó bá ya gbogbo ewé igi sí i, ìdíwọ́ ni ó ṣe fún un.

Whistler kò pẹ́ níbẹ̀. Lórí àwo tí ó ní àwòrán erékùṣù Anacapa, èyí tí òun àti àwọn mìíràn jọ ṣe, ó fi ọ̀wọ́ ẹyẹ tí ń fò kún iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ ìjọba ni ẹyẹ wọ̀nyí fi hàn. Síbẹ̀, bí a bá gbé àwòrán etíkun àti The Little Venice sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbátan wọn kò fara sin: ilẹ̀ tí a wò láti ojú omi, tí ó ti di ìlà kan láàrin sánmà àti omi.

2.2 Láti púpọ̀ sí díẹ̀

Kò ní jẹ́ òótọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ni ó mú kí ìlà Whistler dín kù. Ní ọdún 1859, ó ya etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù sórí ọ̀pọ̀ àwo bàbà. Nínú Black Lion Wharf, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pátákó ara ilé, fèrèsé, òrùlé àti okùn ara ọkọ̀ ni ó hàn fínnífínní, débi pé olùwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka pátákó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún nínú àwọn iṣẹ́ Thames yìí ni ó jáde pọ̀ ní ọdún 1871. Ọwọ́ tí ó ya Black Lion Wharf náà ni ó ya The Little Venice ní ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó mọ púpọ̀ ọ́ ṣe, tí ó wá yan díẹ̀, kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ́ pé díẹ̀ nìkan ni ó mọ̀.

2.3 Ẹjọ́ ọdún 1878

Ọ̀rọ̀ iye iṣẹ́ tí ó wà nínú àwòrán ti dé ilé ẹjọ́ kí Whistler tó dé Venice. Ní oṣù Keje ọdún 1877, John Ruskin, lámèyítọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán ọlọ́dà kan tí Whistler fi ṣàfihàn iná aláràbarà tí wọ́n yìn sójú sánmà lóru. Lójú Ruskin, àfojúdi ni kí oníṣẹ́ béèrè 200 gínì lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Whistler pè é lẹ́jọ́. Ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Nígbà tí agbẹjọ́rò bi Whistler léèrè iye àkókò tí iṣẹ́ náà gbà á, ọjọ́ bíi méjì ni ó pè é. Ó sì ṣàlàyé pé owó tí òun béèrè kì í ṣe ti ọjọ́ méjì, bí kò ṣe ti ìmọ̀ tí òun kó jọ ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Ó jàre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n dá fún un kò ju ìdá mẹ́rin pẹ́nì kan lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1879, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn débi tí wọ́n fi kéde pé kò lè san án mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ẹgbẹ́ Fine Art Society ti Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí Venice láti ya àwo bàbà méjìlá. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1880 ni ó fi wà níbẹ̀. The Little Venice wà lára àwo méjìlá tí wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1880. Nítorí náà, àwòrán yìí kò ti ọwọ́ aláìmọ̀kan wá. Ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn ní gbangba pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré ju owó rẹ̀ lọ ni ó yà á. Dípò kí ó fi ìlà púpọ̀ wẹ ara rẹ̀ mọ́, ńṣe ni ó tún dín ìlà kù.

2.4 Ìda àti ásíìdì, ẹ̀kọ àti aró

Ó yẹ kí a mọ ìlànà iṣẹ́ náà kí a tó lè ṣe ìdájọ́ òfìfo inú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìda tín-ín-rín bo àwo bàbà. Abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ yóò họ ìda náà kúrò níbi tí ó bá fẹ́ kí ìlà wà. Bí ásíìdì bá dé ara àwo náà, ibi tí bàbà ti fojú hàn nìkan ni yóò jẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò nu ìda kúrò, wọn yóò fi tàdáwà pa á, tàdáwà yóò dúró sínú ihò ìlà, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ funfun. Bí aṣọ bá wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Ohun tí ó kù ní funfun níbẹ̀ ni ọnà. Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ìlànà méjèèjì: ọwọ́ aláàdìrẹ ń fi ohun ìdènà sí ibi tí ó fẹ́ kí ọnà wà, ọwọ́ Whistler sì ń mú ohun ìdènà kúrò ní ibi tí ó fẹ́ kí ìlà wà. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ni ṣá: ibi tí aró tàbí tàdáwà kò dé kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ kò dé. Kò sí ẹni tí ó mọ àdìrẹ tí yóò sọ pé aláró gbàgbé láti pa ibi funfun láró.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ya abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ sí pẹ́ńsù. Ìlà pẹ́ńsù tí kò bá tẹ́ ayàwòrán lọ́rùn, rọ́bà yóò pa á rẹ́. Ìlà tí ásíìdì bá ti jẹ sínú bàbà kò rọrùn láti mú kúrò. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń fi sílẹ̀ láìyà gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ ohun tí ó ń yà.

3.0 Ohun Tí Ó Wà Lórí Ìwé

Àwòrán náà kò tóbi. Ìnàró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 26. Láti Lido, ilẹ̀ gbọọrọ tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun Adriatic, ni ayàwòrán ti wo ìlú náà. Venice nà ní ìbú ìwé bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ọ̀já yìí ni òrùlé rìbìtì àwọn ilé ìjọsìn àti àwọn ilé gogoro onígogo wà, ti San Marco sì yọrí láàrin wọn. Fèrèsé kan kò ṣeé kà níbẹ̀. Ènìyàn kan kò ní ojú tí a lè dá mọ̀. Lókè ìlú náà, sánmà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìlà kankan. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀sà wà: ìlà díẹ̀ tí ó fà gbọọrọ, òpó igi tí wọ́n rì mọ́ inú ọ̀sà láti fi ọ̀nà han ọkọ̀, àti ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn ará Venice ń pè ní gondola. Èyí tí ó kù jẹ́ ìwé lásán.

Nǹkan méjì nípa ìwé náà gba àkíyèsí. Èkíní ni pé ìlú náà yí padà lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá wà ní apá ọ̀tún lórí àwo bàbà yóò bọ́ sí apá òsì bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Whistler mọ èyí láti ìgbà tí ó wà ní iléeṣẹ́ máàpù, síbẹ̀ ojú ẹsẹ̀ ni ó máa ń ya Venice sórí bàbà bí ó ti rí i, kò sì bìkítà láti yí i padà ṣáájú. Atukọ̀ tí ó bá fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá ọ̀nà yóò ṣìnà. Iṣẹ́ yìí ti ya ara rẹ̀ kúrò lára máàpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì gbé ìwà máàpù rù.

Èkejì ni etí ìwé. Lẹ́yìn tí Whistler padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé àwọn iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí àmì àwo bàbà dé gan-an, àfi etí kékeré kan tí ó ń fi sílẹ̀ fún àmì labalábá tí ó fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí àyè funfun tí ó wà ní ìta àwòrán. Gbogbo àyè funfun tí olùwòran bá rí, inú àwòrán ni ó wà, ó sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀.

4.0 Òfìfo Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́

4.1 Ìwé kan, ohun méjì

Ìwé tí ó wà lókè ìlú náà ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀; àwọ̀ wọn kan náà ni. Síbẹ̀ ojú kì í ṣi wọ́n mú fún ara wọn: sánmà ni ti òkè, omi ni ti ìsàlẹ̀. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ṣeé tọ́ka sí. Àwọn òpó igi dúró nínú ọ̀sà, ìsàlẹ̀ wọn sì pin sí ojú kan. Ibi tí òpó ti pin ni ojú omi ti bẹ̀rẹ̀. Bí òpó kan bá ti dúró sí ibì kan, ìwé tí ó yí i ká kò lè jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó ti di ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó lè gbé ọkọ̀. Lókè, kò sí ohun kan tí ó dúró lórí ohun kan, nítorí náà ìwé ibẹ̀ kò tẹ́, ó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ayàwòrán náà kò ya omi rárá. Ohun tí ń gbé inú omi ni ó yà.

4.2 Ìwọ̀n tí ó di ọ̀nà jíjìn

Ilé gogoro San Marco ga ju mítà 98 lọ. Lórí ìwé yìí, ìlà kúkurú kan ni. Òpó igi lásán tí ó wà nítòsí àti ilé gogoro tí ó wà lọ́nà jíjìn jọ wà lábẹ́ òfin ìlà kan náà, ojú olùwòran sì ní láti dá ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú ń ṣe bí ó bá ń dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé ó ń la ọ̀sà náà kọjá. Ó ti ibi òpó dé ibi gondola, ó ti ibi gondola dé ìlú. Bí Whistler bá ti fi ìgbì kún gbogbo àlàfo náà, ìgbì ni ojú ìbá máa kà. Nítorí pé kò sí ohun tí ó dá ojú dúró, ìbú omi ni ó mọ̀ lára.

4.3 Ìdánwò ìka

Ọ̀nà kan tí ó rọrùn wà láti mọ ìlà tí ó ru ẹrù nínú irú àwòrán yìí: kí olùwòran fi ìka bo apá kan, kí ó sì wo ohun tí ó bàjẹ́. Bí ó bá bo àwọn òpó, ìsàlẹ̀ àwòrán náà yóò sún mọ́ dídi ìwé padà. Omi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Bí ó bá bo ìlú, omi yóò kù, ṣùgbọ́n kò ní ní òpin, a kò sì ní mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Bí ó bá bo ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn ìlà gbọọrọ tí ó wà láàrin ọ̀sà, kò sí ohun ńlá tí yóò bàjẹ́. Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú, nítorí kò pọn dandan kí gbogbo ìlà inú àwòrán tí ìlà rẹ̀ kò pọ̀ ní agbára kan náà. Lámèyítọ́ tí ó bá ń sọ pé kò sí ìlà kan tí a lè yọ, láì dán an wò, ẹnu lásán ni ó ń yìn ín.

4.4 Ìfiwéra pẹ̀lú Nocturne

Lára àwo méjìlá ọdún 1880 ni Nocturne wà, òun náà sì jẹ́ àwòrán Venice láti ojú omi. Ìlà inú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Whistler ń tẹ̀ ẹ́, kì í nu gbogbo tàdáwà kúrò lójú àwo. Ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ kí ó lè di òkùnkùn alẹ́ àti ojú omi. Nítorí náà, ìwé Nocturne kan kì í jọ èkejì pátápátá. Òfìfo inú Nocturne ní olùrànlọ́wọ́, tàdáwà ni ó kún un. Nínú The Little Venice, ìlà ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ó lè jẹ́ pé Nocturne ni yóò kọ́kọ́ fa ojú ènìyàn mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlà nìkan lè ṣe, The Little Venice ni kí ó lọ wò.

5.0 Ibi Tí Ruskin Ti Jàre

Kò dára kí a ka Ruskin sí òpè kí ọ̀rọ̀ Whistler lè dùn. Ruskin mọ Venice ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà rẹ̀ lọ. Láàrin ọdún 1851 àti 1853, ó tẹ ìwé The Stones of Venice jáde ní apá mẹ́ta. Ó wọn òpó, ó ya ọnà ara òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ọjọ́ ogbó àti àwọn tí ń tún ilé ṣe láìmọ̀ yóò pa wọ́n rẹ́. Kíkún tí àwòrán Ruskin kún kì í ṣe ti ṣekárími, ìtọ́jú ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1902, ilé gogoro San Marco wó lulẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n parí òmíràn sí ojú ibẹ̀ ní ìrísí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀mọ̀lé tí ó lè fi ìlà Whistler kọ́ ọ. Bí iṣẹ́ àwòrán bá jẹ́ láti pa ohun tí yóò parun mọ́, Ruskin jàre, The Little Venice sì jẹ̀bi.

Ẹ̀sùn kejì náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti Lido, ìlú kò ní olùgbé. Ebi, iṣẹ́ àti ariwo àwọn tí ń gbé Venice ní ọdún 1880 kò dé orí ìwé yìí. Whistler fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà, nítorí ó ya The Beggars sí ara àwo méjìlá kan náà, tí àwọn alágbe dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró. Ọ̀nà jíjìn nínú The Little Venice ní iye tí ó ná ni: ẹni tí ó bá fẹ́ rí omi tán, kò ní rí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀nà jíjìn yìí pa mọ́ tí àwòrán ara òkúta kò lè pa mọ́, èyí ni bí ìlú ti kéré tó nínú omi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, omi ọ̀sà ga ní sẹ̀ǹtímítà 194 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ́n, ó sì bo Venice fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ọdún 2020 ni ìlẹ̀kùn irin ńláńlá tí wọ́n ń pè ní MOSE ti ń dènà ìgbì ní àwọn ẹnu ọ̀nà tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Lido níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé Whistler ní omíyalé lọ́kàn, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di wòlíì. Ohun tí ó dájú ni pé ó fi ìlú sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún omi àti sánmà, ìpín yìí sì jẹ́ òtítọ́ nípa Venice. Ẹni tí ó dúró ti òpó òkúta tímọ́tímọ́ kò lè rí i.

Kò sí ẹni tí ó ṣe irú àlàyé báyìí nínú ìjà ìgbà náà, ní ìhà méjèèjì. Nígbà tí Whistler pàtẹ iṣẹ́ 51 ní oṣù Kejì ọdún 1883, ó tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn àwọn lámèyítọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìpàtẹ náà, kí àwọn ènìyàn lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n fífi lámèyítọ́ ṣe ẹlẹ́yà kò sọ ìlà tí ó ru ẹrù fún wa, gẹ́gẹ́ bí kíka ọjọ́ iṣẹ́ kò ṣe sọ ọ́.

6.0 Ìfarahàn, Jíjọra àti Ojú Méjì

Ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère. Lára ìwọ̀n tí ó rí gbà lẹ́nu wọn ni ìfarahàn, pé kí ohun tí a gbẹ́ hàn kedere, àti jíjọra, pé kí ó jọ ohun tí a fi gbẹ́ láìjẹ́ pé ó jọ ọ́ jù. Bí a bá fi ìkánjú wò ó, The Little Venice yóò dà bí ohun tí kò yege nínú ìfarahàn. Ṣùgbọ́n ìfarahàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pípọ̀. Ère tí ọnà ara rẹ̀ pọ̀ tí ó sì ṣókùnkùn kò ní ìfarahàn. Nínú àwòrán yìí, gbogbo ohun tí Whistler yà ni ó hàn: òpó ni òpó, gondola ni gondola. Ohun tí ojú kò lè rí kedere láti Lido, kò díbọ́n bí ẹni tí ó rí i. Ní ti jíjọra, ó jọ Venice tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ ìlú náà yóò dá a mọ̀, kò sì jọ ọ́ débi tí apá ọ̀tún yóò fi wà ní ọ̀tún.

Síbẹ̀, ìṣọ́ra yẹ. Láti ara igi gbígbẹ́ ni àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ti wá. Ère ní ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká kì í ṣe ara rẹ̀. Ìwé funfun tí ó yí ìlà ká jẹ́ ara àwòrán. Nítorí náà, ìfarahàn àti jíjọra lè ṣe ìdájọ́ ohun tí Whistler yà, ṣùgbọ́n wọn kò tó láti ṣe ìdájọ́ ohun tí kò yà.

Ìyàtọ̀ tí Rowland Abíọ́dún tọ́ka sí láàrin ojú ọnà àti ojú inú lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ ọnà Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Ojú ọnà ni yóò rí ibi tí òpó ti pin, tí yóò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Ojú inú ni yóò sọ ìwé tí ó kù di ọ̀sà. Lámèyítọ́ tí ń yin òfìfo láìtọ́ka sí nǹkan kan, ojú inú nìkan ni ó ń lò. Lámèyítọ́ tí ń ka iye ìlà, kò lo èyíkéyìí nínú méjèèjì; ìṣirò ni ó ń ṣe.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Òwe ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ní àdéhùn méjì nínú, ó sì rọrùn láti gbàgbé wọn. Ó ní ààbọ̀ ni à ń sọ. Kò ní kí a dákẹ́. Ó sì ní ọmọlúàbí ni à ń sọ ọ́ fún. Iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹni tí ń gbọ́. Àdéhùn àkọ́kọ́ ń bá ayàwòrán wí: kò lè fi ìwé lásán sílẹ̀ kí ó sì pè é ní omi, ó gbọ́dọ̀ fún ojú ní ààbọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Whistler mú àdéhùn yìí ṣẹ pẹ̀lú òpó, gondola àti ọ̀já ìlú kan. Àdéhùn kejì ń bá lámèyítọ́ wí: bí odidi náà bá ti dé inú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè padà sórí ìwé kí ó sì fi ààbọ̀ tí ó gbé e wá han ẹlòmíràn.

Bí àwòrán onílà díẹ̀ bá tún dé iwájú kíláàsì, ìbá à jẹ́ ti pẹ́ńsù tàbí ti abẹ́rẹ́, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú kì í ṣe iye ọjọ́ tí ó gba oníṣẹ́, kì í sì í ṣe bí ó ti rí lára ẹni tí ń wò ó. Ìlà wo ni a bò tí omi fi lọ? Ẹni tí ó bá dáhùn ìyẹn lè wá yìn ín tàbí kí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àwọn yòókù yóò sì rí ohun tí wọn yóò bá a jiyàn lé lórí.